Fífi agbára kún kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún òkè Ìbàdàn: bátìrì, kọntirólà àti mótọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ oníbátìrì òun lágbára sí i, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé eré ni mò ń wá ni, àbí agbára tí yóò gbé mi gun òkè? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Fóòtì (V), ìyẹn ipá tó ń ti iná, ló ń fún mótọ̀ (ẹ̀rọ tó ń yí wíìlì) léré, áńpù (A), ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, ló ń jẹ́ kó rí agbára fà. Ìbàdàn sì rèé, ìlú orí òkè: ẹ ti Bẹẹrẹ gun Mápó, ẹ gba Òkè Àrẹ̀mọ, ẹ gun òkè Mọ́kọ́lá lọ sí ọ̀nà Premier Hotel, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé 250 W (wáàtì, òṣùwọ̀n agbára) kéré. Nítorí náà, áńpù ni kẹ́ ẹ náwó lé níbí ju fóòtì lọ. Bátìrì lẹ ó kọ́kọ́ rà, kọntirólà, ìyẹn àpótí tó ń pín iná bátìrì fún mótọ̀, ló tẹ̀ lé e, mótọ̀ ló kẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e gba òdì. Wọ́n á ra mótọ̀ 1500 W, wọ́n á so ó mọ́ bátìrì kékeré tó bá kẹ̀kẹ́ wá, kẹ̀kẹ́ á sì kú láàárín òkè nígbà tí mọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn. Mótọ̀ kọ́ ló bàjẹ́. BMS, ìyẹn bọ́ọ̀dù kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì, ló rí i pé áńpù tí wọ́n ń fà ti pọ̀ jù, ló bá já iná.

Ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ń ti Yúróòpù wá ló jẹ́ 250 W, nítorí òfin wọn lọ́hùn-ún ni pé mótọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì ṣíwọ́ nígbà tí eré bá dé 25 km/h. Tí mótọ̀ bá wà láàárín, níbi pẹ́dàlì, tí orúkọ Bosch, Shimano tàbí Yamaha sì wà lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Inú mótọ̀ ni kọntirólà rẹ̀ wà, òun àti bátìrì rẹ̀ sì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bátìrì àjèjì kò ní jẹ́ kó jí. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná lé e, ẹ fi ra kẹ̀kẹ́ tí mótọ̀ rẹ̀ wà nínú wíìlì. Irú èyí là ń sọ níbí.

Ẹ wo ara kọntirólà. Wọ́n máa ń kọ fóòtì àti áńpù sí i, bíi 36V 15A. Bí ìkọ̀wé náà bá ti pa rẹ́, ẹ ṣájì bátìrì kó kún, kẹ́ ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Tí mítà bá fi 42 V hàn, sẹ́ẹ̀lì 10 ni wọ́n tò tẹ̀ léra, bátìrì 36 V nìyẹn. 54.6 V jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 13, ìyẹn 48 V. 58.8 V jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 14, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní 52 V.

Ìṣirò òkè

Ká sọ pé ẹni tó ń gùn ún, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù jẹ́ 110 kg. Ká sọ pé òkè náà ń ga sókè ní mítà 8 nínú mítà 100 kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fẹ́ gùn ún ní 20 km/h. Gbígbé ìwọ̀n yẹn sókè nìkan ń fẹ́ nǹkan bí 480 W. Ìfàsẹ́yìn táyà lórí títì ń fẹ́ bíi 60 W, atẹ́gùn ń fẹ́ 60 W mìíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 600 W lẹ́nu táyà. Mótọ̀ kì í sọ gbogbo iná tó bá gbà di agbára. Tó bá sọ ìdá 80 nínú 100 di agbára, 750 W ló gbọ́dọ̀ ti inú bátìrì jáde.

Kẹ̀kẹ́ 36 V tí kọntirólà rẹ̀ jẹ́ 15 A ń rí 540 W gbà (fóòtì ní ìlọ́po áńpù). Kò tó. Kẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, ibẹ̀ sì ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, torí bí mótọ̀ bá ṣe ń lọ́ra sí i ni ìdá tó ń sọ di agbára ń dín kù. Ìyókù, ooru ló ń dà. Ìdí nìyẹn tí mótọ̀ fi máa ń jóná lórí òkè, nígbà tí ẹni tó ń gùn ún rò pé òun rọra ń lọ.

48 V pẹ̀lú 22 A jẹ́ 1056 W. Èyí gun òkè yẹn, ó sì ní àṣẹ́kù. 48 V àti 22 A sí 25 A ló tó fún ẹni tí kò kó ẹrù wúwo nínú ìlú yìí, ohun tá a sì fi tọ́ka sí nínú gbogbo ohun tó kù nìyí. Ẹni tó bá ń lé eré ni kó ronú lẹ́ẹ̀mejì: ní 25 km/h, atẹ́gùn nìkan ń jẹ nǹkan bí 120 W, ní 45 km/h, ó ń jẹ bíi 700 W. Eré kò tíì di ìlọ́po méjì, iná tó ń jẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́fà. Kòtò ojú títì wa kò sì fẹ́ kẹ́ni wá bá òun ní 45 km/h.

Bátìrì

Ohun tí ẹ ó bi ẹni tó ń ta bátìrì fún yín ju Ah (bí iná tó lè gbà pamọ́ ṣe pọ̀ tó; 1000 mAh ni 1 Ah) lọ. Ẹ bi í pé: sẹ́ẹ̀lì wo ló wà nínú rẹ̀, mélòó ni wọ́n so pọ̀ ní ẹgbẹ́ kan, áńpù mélòó ni BMS rẹ̀ ń gbà láìdúró?

Bátìrì 48 V jẹ́ ẹgbẹ́ 13 tí wọ́n tò tẹ̀ léra. Tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní sẹ́ẹ̀lì 4, 13S4P là ń pè é. Àwọn 4 yẹn ló máa pín áńpù láàárín ara wọn. Tẹ́ ẹ bá ń fa 25 A, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń ru 6.25 A. Sẹ́ẹ̀lì Samsung 30Q lè ru 15 A, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Samsung 35E gba iná pamọ́ ju 30Q lọ, 3500 mAh sí 3000 mAh, ṣùgbọ́n 8 A ni òpin tirẹ̀, 6.25 A lórí òkè gígùn á mú un gbóná, á sì tètè gbó. Ẹ má ṣe gba sẹ́ẹ̀lì tí yóò ru ju ìdajì òpin rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ràn 35E nítorí ọ̀nà jíjìn, ẹ mú un di 7P. Nínú sẹ́ẹ̀lì ńlá 21700, Molicel P42A (4200 mAh) ní 13S3P ń ru 8.3 A lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọ̀nà tí bátìrì yóò gbé yín dé ńkọ́? Ẹ fi fóòtì sọ Ah di ìlọ́po, Wh lẹ ó rí, ìyẹn gbogbo iná tó wà nínú bátìrì. 13S5P ti 30Q jẹ́ 15 Ah, nǹkan bí 700 Wh. Kẹ̀kẹ́ tí kò tíì gba agbára ń jẹ 15 sí 18 Wh fún kìlómítà kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi agbára kún un, pẹ̀lú òkè, ẹ kà á sí 25 Wh. 700 Wh á gbé yín lọ nǹkan bí 28 km. Ẹni tí ọlọ́jà bá sọ fún pé á lọ 80 km lórí bátìrì yìí, kó mọ̀ pé ọjà ni wọ́n ń tà.

Sẹ́ẹ̀lì ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Sẹ́ẹ̀lì 18650 (ìwọ̀n tí 30Q àti 35E jẹ́) tí wọ́n kọ 6000 mAh tàbí 9900 mAh sí lára, irọ́ ni. Ojúlówó tẹ́ ẹ máa rí kì í sábà ju 3600 mAh lọ. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré: ojúlówó ń wọ̀n 45 sí 50 g. Èyí tí kò tó 40 g, ẹ dá a padà. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ dára fún tọ́ọ̀ṣì àti fún power bank, kò dára fún kẹ̀kẹ́: áńpù kékeré ni wọ́n ṣe é fún, ọjọ́ orí wọn kò sì dọ́gba, èyí tó rẹ̀ jù nínú wọn ni yóò sì pinnu ibi tí gbogbo bátìrì yóò dúró sí.

Tí ẹ bá ń jẹ́ kí ẹlòmíràn so ó pọ̀ fún yín, ẹ dúró tì í, kẹ́ ẹ máa wo nǹkan wọ̀nyí. Kò gbọ́dọ̀ fi ayọ́ọ̀nù àti lẹ́ẹ̀dì jó orí sẹ́ẹ̀lì. Ooru yẹn ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ spot welder, tó ń fi iná lẹ irin mọ́ sẹ́ẹ̀lì ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo láìmú un gbóná, ló yẹ. Kó tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ ní ẹgbẹ́ kan, fóòtì wọn kò gbọ́dọ̀ fi ju 0.02 V jìnnà síra. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó kún yóò da iná sínú èyí tó ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Òrùka bébà gbọ́dọ̀ wà lórí ẹnu pọ́sítífù kọ̀ọ̀kan, nítorí ara sẹ́ẹ̀lì látòkè délẹ̀ nẹ́gátífù ni, ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú jìgìjìgì ojú títì, ike yẹn nìkan kò tó.

Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ níkẹ́lì gidi. Irin lásán tí wọ́n fi níkẹ́lì kùn pọ̀ lọ́jà, ó sì jọ ọ́. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì ha ara rẹ̀, ẹ fi sínú omi oníyọ̀ mọ́jú. Bó bá dípẹtà, kì í ṣe níkẹ́lì. Èyí tó nípọn 0.15 mm, tó fẹ̀ 8 mm, ẹ má jẹ́ kó ru ju 5 A lọ. Níbi tí iná ti ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, a gbọ́dọ̀ tò ó lórí ara wọn tàbí kí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, tí kò bá ru ju 5 A yẹn lọ. Fún kọntirólà 25 A, BMS 40 A la fẹ́.

Ẹni tó ń kó ẹrù, tí ìwúwo kò sì jẹ́ ìṣòro fún, ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta sólà. Bátìrì LiFePO4, oríṣi lítíọ̀mù tí wọ́n ń lò fún sólà, tó jẹ́ oní-sẹ́ẹ̀lì 16 jẹ́ 51.2 V, ó ń kún ní 58.4 V. Ó wúwo, 20 Ah rẹ̀ á tó 10 kg. Àmọ́ ó ń pẹ́, ó fara da ooru, kì í sì í tètè gbiná. A fẹ́ràn rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ tó ń gbé oúnjẹ kiri nínú oòrùn oṣù kẹta.

Kọntirólà

Ẹ má fi bátìrì 48 V sórí kọntirólà 36 V, bó tiẹ̀ jẹ́ pé á ṣiṣẹ́ lójú yín. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí kapásítọ̀ ńlá méjì tàbí mẹ́ta tó dúró bí àgbá kékeré, tí wọ́n kọ fóòtì sí lára. Nínú ti 36 V, 50 V ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Bátìrì 48 V tó kún jẹ́ 54.6 V. Kapásítọ̀ yẹn lè fara dà á lónìí, kó bú gbàù lọ́la. Ti 48 V máa ń ní kapásítọ̀ 63 V. Ó gba 13S dáadáa, ó sì gba 58.8 V ti 14S pẹ̀lú àyè díẹ̀.

Ìdí kejì kò hàn sójú. Kọntirólà 36 V ń já iná nígbà tí bátìrì bá sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí 31 V. Ẹ pín 31 sí sẹ́ẹ̀lì 13: 2.4 V fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì á ti bàjẹ́ kí kọntirólà tó mọ̀ pé ewu wà. Ti 48 V ń dúró láàárín 39 V sí 42 V, ìyẹn 3 V fún sẹ́ẹ̀lì kan ó kéré tán.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kún shunt, wáyà kúkúrú tó nípọn lórí bọ́ọ̀dù tí kọntirólà fi ń wọn áńpù. Lóòótọ́, áńpù á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kọntirólà ti di afọ́jú: ó rò pé 15 A ló ń kọjá nígbà tí 25 A ń kọjá, àwọn MOSFET rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń tan iná mótọ̀, tó sì ń pa á) kò sì ní ju agbára tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ lọ. Tí MOSFET bá jóná tó sì papọ̀, wíìlì á le, bí ẹni pé bíréèkì ti mú un, nígbà tẹ́ ẹ wà lórí eré. Ẹ má ṣe é. Ẹ ra kọntirólà tí áńpù rẹ̀ tó.

MOSFET 6 ń ru 15 sí 20 A, 9 ń ru 25 sí 30 A, 12 ń ru 35 A sókè. Èyí tó jẹ́ sine wave, tó ń fún mótọ̀ níná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í pariwo, ó sì ń fà pẹ̀lẹ́. Ẹ yan èyí tó ní ojú ìwòye tẹ́ ẹ fi lè dín áńpù kù nígbà ìdánwò; nínú àwọn kọntirólà tí wọ́n ń pè ní KT, nọ́ńbà C5 lẹ fi ń ṣe é.

Mótọ̀

Kó tó di pé ẹ ra tuntun, ẹ wo èyí tẹ́ ẹ ní. Eré mótọ̀ ń tẹ̀ lé fóòtì: èyí tó ń yí ní ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan lórí 36 V á yí nǹkan bí ìgbà 267 lórí 48 V. Táyà ínṣì 26 ń gba mítà 2.07 ní ìyípo kan, nítorí náà 33 km/h nìyẹn lófìfo. Pẹ̀lú èèyàn lórí rẹ̀, ẹ kà á sí 27 tàbí 28. Ó tó fún ìgboro Ìbàdàn. Mótọ̀ tí wọ́n kọ 328 sí ní 48 V á sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ á jìyà lórí òkè. Ẹ yan èyí tó lọ́ra, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí áńpù ṣiṣẹ́.

Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ní jíà nínú kéré, ó fúyẹ́, ó mọ òkè gùn. Jíà náílọ́nù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbóná jù tàbí tí wọ́n gba áńpù lójijì, eyín wọn á jẹ, ẹ ó máa gbọ́ pé mótọ̀ ń yí, kẹ̀kẹ́ kò sì ní lọ. Èyí tí kò ní jíà wúwo, 6 sí 7 kg, kò ní ohun tó ń jẹ nínú rẹ̀, ó sì fẹ́ràn eré lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Lórí òkè tó ga tí kẹ̀kẹ́ ń rákò, á gbóná. Fún ẹni tó ń gba Mápó lójoojúmọ́, ti jíà tó jẹ́ 500 W ló bá a mu. Ẹ má fi 22 A fún èyí kékeré tó jẹ́ 250 W.

Ohun tí a kì í fojú fo ni irin tó ń di ásẹ̀lì mú, tí wọ́n ń pè ní torque arm. Bí mótọ̀ ṣe ń yí wíìlì síwájú ni ásẹ̀lì rẹ̀ ń gbìyànjú láti yí sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ ásẹ̀lì fẹ̀ tó 10 mm péré, agbára tó sì ń ti ojú férémù síta níbẹ̀ pọ̀. Tí férémù bá jẹ́ alumíníọ̀mù, á là, ásẹ̀lì á yí, á wé wáyà mótọ̀ mọ́ ara rẹ̀, á sì já wọn. Ẹ fi irin náà sí ọ̀tún àti òsì. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè gé e láti ara irin 6 mm, àmọ́ ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún mọ́ ásẹ̀lì: ẹ fi fáìlì rọra fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi wọlé pẹ̀lú ìtì díẹ̀. Tó bá ń mì, kò wúlò. Ẹ má sì fi mótọ̀ tó lágbára sí fọ́ọ̀kì iwájú tó jẹ́ alumíníọ̀mù láéláé. Bíréèkì náà gbọ́dọ̀ bá agbára mu: dísìkì 180 mm níwájú, ó kéré tán.

Títò ó pọ̀

1. Ẹ yọ bátìrì kúrò. Ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ìsopọ̀ kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun.

2. Ẹ gbé wíìlì tuntun sí férémù, pẹ̀lú wọ́ṣà onírù àti irin ìdímú (torque arm). Wáyà tó ń ti inú ásẹ̀lì jáde gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀. Ẹ fún nọ́ọ̀tì náà pa dé nǹkan bí 40 Nm. Ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì: kó má kan férémù, kó má kan bíréèkì.

3. Ẹ de kọntirólà síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, kí ẹnu wáyà rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Kọntirólà tí wọ́n dì sínú báàgì ń se ara rẹ̀.

4. Wáyà tó ti bátìrì wá gbọ́dọ̀ jẹ́ 12 AWG tó rọ̀, nǹkan bí 3.3 mm². Wáyà ilé 4 mm² á gba áńpù náà, ṣùgbọ́n ó le, jìgìjìgì á sì já a lẹ́nu ìsopọ̀.

5. Ẹ fi fíùsì 40 A sí ìtòsí bátìrì, lórí wáyà pupa. Fíùsì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọ́: ẹ wo ara rẹ̀, 32 V ni wọ́n kọ sí i. Tó bá jó lórí 54 V, iná lè máa fò kọjá àlàfo rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 58 V DC (irú iná tó ń ti bátìrì wá) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí la fẹ́. Breaker DC tí àwọn oníṣẹ́ sólà ń lò dára. Breaker ti iná NEPA kò lè pa iná DC.

6. Kí ẹnu ìsopọ̀ bátìrì jẹ́ XT90-S. Nígbà tẹ́ ẹ bá ki bátìrì bọ kọntirólà, kapásítọ̀ tó ṣófo ń fa iná lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń ta páá, díẹ̀díẹ̀ lá máa jẹ ojú irin náà. XT90-S ní ohun tó ń dín in kù nínú.

7. Ẹ so tọ́rótù (ọwọ́ tẹ́ ẹ ń yí kí kẹ̀kẹ́ lè sáré), ojú ìwòye àti wáyà bíréèkì, èyí tó ń já iná mótọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ má fi ti bíréèkì sílẹ̀ pé kò pọn dandan. Tọ́rótù ní wáyà mẹ́ta: pupa 5 V, dúdú, àti ẹ̀kẹta tó ń gbé nǹkan bí 0.8 V nígbà tí ẹ kò fọwọ́ kàn án, tó ń dé bíi 4 V nígbà tẹ́ ẹ bá yí i tán. Tí dúdú bá já, ẹ̀kẹta á gòkè lọ sí 5 V fúnra rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì sá lọ. Bíréèkì tó ń já iná ló máa gbà yín lọ́jọ́ yẹn.

8. Kẹ́ ẹ tó ki bátìrì bọ̀ ọ́, ẹ fi mítà yẹ pupa àti dúdú wò. Tí wọ́n bá lòdì síra, kọntirólà á lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìdánwò nígbà tí wíìlì kò kanlẹ̀

Ẹ gbé wíìlì kúrò nílẹ̀. Wáyà ńlá mẹ́ta, yẹ́lò, gíríìnì, búlúù, ló ń gbé agbára lọ sí mótọ̀. Wáyà tín-ín-rín márùn-ún ni ti sẹ́ńsọ̀ Hall, tó ń sọ ibi tí mótọ̀ yí dé fún kọntirólà: pupa àti dúdú, àti mẹ́ta tí àwọ̀ wọn bá ti àwọn ńlá mu. Ẹ fi mítà sáàárín dúdú àti pupa, 5 V tàbí díẹ̀ sísàlẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sáàárín dúdú àti àwọn mẹ́ta tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ yí wíìlì díẹ̀díẹ̀. Mítà gbọ́dọ̀ máa fò láti 0 sí 5 V, kó tún padà. Èyí tó bá dúró lójú kan, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti kú tàbí omi ti wọ ibẹ̀.

Tí kọntirólà bá ní wáyà ìkẹ́kọ̀ọ́, tó sábà máa ń jẹ́ méjì tí a ń ki bọra, ẹ ki wọ́n bọra: wíìlì á yí fúnra rẹ̀, á wá bí àwọ̀ ṣe tò. Nígbà tó bá yí síwájú wẹ́rẹ́, ẹ yọ ọ́. Tí kò bá ní, ẹ so Hall ní àwọ̀ sí àwọ̀, kẹ́ ẹ wá máa pààrọ̀ àwọn ńlá mẹ́ta. Ọ̀nà mẹ́fà péré ni wọ́n lè gbà tò, ọ̀kan ló tọ́. Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó pààrọ̀, ẹ sì fún un ní tọ́rótù díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Èyí tó tọ́ ń yí láìpariwo, ó sì ń jẹ nǹkan bí 1 sí 2 A lófìfo. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ń tan ni jẹ: ó ń yí, àmọ́ ó ń kùn, ó ń gbọ̀n, ó ń jẹ 5 A tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ jáde á jó mótọ̀. Tí èyí tó tọ́ bá ń yí sẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ méjì nínú wáyà Hall, kẹ́ ẹ tún àwọn mẹ́fà náà dán wò.

Ìjáde àkọ́kọ́

Ẹ fi áńpù sí 15 A, ẹ lọ sí ojú ọ̀nà tó tẹ́. Lẹ́yìn bíi kìlómítà méjì, ẹ dúró, ẹ fọwọ́ kan ojú ìsopọ̀, wáyà ńlá mẹ́ta, kọntirólà àti ìdérí mótọ̀. Ibi tó gbóná jù ni ibi tó kéré jù fún áńpù náà. Tí gbogbo rẹ̀ bá tutù, ẹ fi 5 A kún un. Ẹ wo bí fóòtì ṣe ń já nígbà tẹ́ ẹ bá fún un níná tán. Bátìrì tí ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ 0.1 ohm á já 2.5 V lórí 25 A, ooru 62.5 W á sì wà nínú rẹ̀. Tó bá já ju 5 V lọ nígbà tó ṣì kún, agbára rẹ̀ kò tó fún áńpù yẹn. Ẹ dín áńpù kù.

Ẹ má ṣe dúró lórí òkè kẹ́ ẹ wá yí tọ́rótù tán láti ojú kan. Ẹ fi eré wọ òkè, ẹ fi ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí eré bọ́ sísàlẹ̀ ìdajì ohun tí wíìlì lè sá lófìfo. Fún mótọ̀ 33 km/h tá a ṣírò ṣáájú, bíi 16 km/h nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gùn ún tán, ẹ fọwọ́ lé ìdérí mótọ̀. Tí ẹ kò bá lè fi síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, inú rẹ̀ ti gbóná jìnnà ju ìta lọ. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ṣíṣájì àti òjò

Ṣájà 54.6 V ni ti 13S, 58.8 V ni ti 14S, 58.4 V ni ti LiFePO4 oní-16. Ẹ má fi ọ̀kan dípò èkejì. Ṣájà 3 A ń jẹ nǹkan bí 185 W, ínfátà kékeré lè gbé e. Jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò ń pa ṣájà. Ẹ fi sítábíláísà sáàárín. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè dé, ẹ jẹ́ kó tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣájì ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ má ṣe é nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó jẹ́ ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo fún gbogbo ará ilé, ẹ má sì ṣe é nígbà tí ẹ bá ń sùn. Orí sìmẹ́ǹtì, ìta, abẹ́ òrùlé, ibẹ̀ ló yẹ. Tí bátìrì bá wú, tó ń ṣe èéfín tàbí tó ń dún ṣíì, ẹ kó àwọn èèyàn jáde ná, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe 112. Omi púpọ̀ ló ń tutù ú. Iyanrìn ń bo ọwọ́ iná náà, ooru inú rẹ̀ á sì ṣì máa ran sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì.

Fún òjò, gbogbo wáyà gbọ́dọ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ inú ohunkóhun, kí omi lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má kọjá nínú àgbàrá tó bo ásẹ̀lì. Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń fọ mọ́tò fi ẹ̀rọ olómi líle fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn 50 km àkọ́kọ́, ẹ tún nọ́ọ̀tì ásẹ̀lì fún, ẹ fọwọ́ kan sípóòkì kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti dẹ̀, ẹ sì wo ẹnu wáyà bóyá àwọ̀ ike rẹ̀ ti yí padà. Nígbà tí bátìrì bá kún, ẹ wọn ẹgbẹ́ 13 náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu wáyà tín-ín-rín BMS. Ìyàtọ̀ 0.02 V kò léwu. Tó bá ju 0.1 V lọ, ẹgbẹ́ kan ti ń kú. Ẹ má fi ṣájà lé e mọ́ títí ẹ ó fi rí èyí tó jẹ́.